Orúkọ Yín Tí Mo Rà Padà

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti gbà á o! Orúkọ yín ti padà sọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo gun àkàbà, tí mo yọ pátákó tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù kòkó yẹn ní Ìdóàní. Gbogbo àdúgbò ló ń wò mí.

Ẹ má bínú, mi ò tíì sọ fún yín bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi. Lọ́dún kejì tí ẹ kú ni mo ta ṣọ́ọ̀bù náà fún ọ̀gbẹ́ni kan láti Àkúrẹ́. A ka síkéèlì, a ka àpò òfìfo, a ka tapólì tí ẹ fi ń sá kòkó. Ó ní kí n fi pátákó sílẹ̀ fóun, mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tún délé, mo ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀dà lásán lòmùgọ̀ yẹn ń tọrọ. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́rin, tí mo kọ́ ilé méjì l'Ọ̀wọ̀, ta ló lè rẹ́ mi jẹ?

Ó rẹ́ mi jẹ, Bàbá. Àwọn olóko ìlú Afo rí orúkọ yín, wọ́n ń kó kòkó lọ bá a láìbéèrè nǹkan kan. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kúrò nídìí síkéèlì, kí olóko fúnra rẹ̀ lè kà á? Ọ̀gbẹ́ni yìí ń fẹ̀yìn bo síkéèlì ni, kí wọ́n má bàa rí i. Kílò mẹ́ta, mẹ́rin, ló ń jí lórí àpò kọ̀ọ̀kan.

Màmá olóko kan wá láti Afo, kò tiẹ̀ jókòó.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé látọ̀run ni bàbá ẹ ti ń jí wa ní kòkó ni?”

Ṣé ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀?

Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà ta pátákó náà padà fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Gbogbo ẹrù tí a kà níjọ́sí ò tó ìdajì ẹ̀! Ẹ mọ̀ mí sí ẹni tó ń ná ọjà títí ọlọ́jà á fi bẹ̀ mí. Mi ò ná eléyìí. Àjèjì mọ iye tí orúkọ yín tó, èmi ọmọ ni mi ò mọ̀. Ẹ forí jì mí, tí mo ń sọ kiri níbi ìsìnkú pé síkéèlì ìpẹtà nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Mo ti san méjì. Ó ku mílíọ̀nù kan. Tí mi ò bá san án kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kí kòkó tuntun tó wọlé, á gba pátákó yín lọ́wọ́ mi, á sì gbé e padà sókè.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.