Ẹsẹ̀ Tó Kúnlẹ̀ Kí Màmá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni obìnrin tó ń kọ́ mi rìn ní ọsibítù ti ń tẹnu mọ́ ọn, kí n má baà ṣubú: "Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan itan tí wọ́n gé." Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni?

Lónìí, ìyá ọkọ mi dé láti Tápà. Bí mo ṣe gbóhùn wọn, mo sáré dìde lórí àga láti kí wọn. Gbì! Ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ni mo fi kúnlẹ̀.

Màmá bú sẹ́kún. "Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?"

Orúnkún yẹn kanlẹ̀. Mo mọ bí sìmẹ́ńtì ṣe tutù tó lábẹ́ rẹ̀.

Ó ṣì tutù báyìí.