Màmá Eré-Lẹ̀kọ́: Olùkọ́ Tí Kò Fẹ́ Kí Ọmọdé Sunkún Nítorí Ìwé

Ọdún 1943 ni a bí màmá wa ọ̀wọ́n, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, tí í ṣe káfíńtà. Aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún.

Ní 1949 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé, olùkọ́ sì fi okùn so ọwọ́ náà mọ́ àga títí ọdún fi parí. Ó dùn wọ́n dọ́jọ́ ikú.

Wọ́n jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní 1964. Ní 1966 wọ́n fẹ́ bàbá wa, atẹ̀wé tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń kó pépà tó ṣẹ́kù wá fún kíláàsì wọn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: nígbà tó yá, bàbá fúnra wọn ló ń gé pépà náà ní àwòrán ẹyẹ.

Ọdún márùndínlógójì ni màmá fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n kó bẹ́ǹṣì síta, wọ́n tẹ́ ẹní. Ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń kọ́ ení, èjì. Páálí kan sì di ilé ìfìwéránṣẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń kọ lẹ́tà síra wọn. Ká má parọ́, màmá ló máa ń pariwo jù níbẹ̀. Àwọn òbí kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní Màmá Eré-Lẹ̀kọ́. Màmá gbà á lórúkọ.

Ní 1978, alábẹ̀wò ilé-ìwé dé, kò rí ìwé àkọsílẹ̀ kankan. Ó ní, "Ìyáàfin, eré yìí ti pọ̀ jù. Tí n bá padà wá ní òpin táàmù, tí àwọn ọmọ yìí ò mọ̀wé, màá ti kíláàsì yìí pa." Ọ̀gá ilé-ìwé bẹ màmá kí wọ́n dá bẹ́ǹṣì padà. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọ́n fárígá.

Nígbà tí alábẹ̀wò padà dé, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún kan, tí kì í bá àlejò sọ̀rọ̀, mú lẹ́tà kan nínú páálí, ó na ọwọ́ òsì, ó fún un. Ọ̀gá ilé-ìwé káwọ́ lérí. Alábẹ̀wò ka ohun tí ọmọ náà kọ: "Ẹ jókòó. Ẹ bá wa ṣeré." Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní. Kò sọ̀rọ̀ títi kíláàsì pa mọ́.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 1999, wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbọ̀ngán ìjọ wọn. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fi bàbá wa, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àwọn ọmọ kíláàsì tí a kò lè kà tán sáyé lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alábẹ̀wò náà, tó ti di arúgbó, tẹ̀pá wá bá wa. Lẹ́tà yẹn ló mú wá. Ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. A ti fi sí màmá lọ́wọ́, ọwọ́ òsì.

Màmá, ẹ jókòó lọ́dọ̀ Olúwa yín. Ẹ ti bá wa ṣeré tó. Ẹ sùn re o.