Ìdí-Àgbọn Kò Sọdá Títì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Ìdí-Àgbọn,
Òkòkomáikò, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Mofẹ́olúwa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé omi ibẹ̀ bá ọ lára mu, ṣé àwọn tó o wà láàárín wọn sì ń ṣe dáadáa sí ọ? Tó o bá béèrè wa, a wà lálàáfíà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ tó tún ń ṣọ́ wa níbí. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá yín ti fúyẹ́. Àánúolúwapọ̀ àbúrò rẹ ti ká eyín iwájú méjì, kò sì sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá rán aṣọ tí kò ní la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún kó wò ó.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí Mọ́mì fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, fóònù wo? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí ìhà Tàràbá lọ ṣe àgùnbánirọ̀, tá a bá ti kí ara wa tán ni ohùn rẹ máa ń já. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààbọ̀. Mo fẹ́ kó o jókòó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ilé-ìwé tó kọ́ ọ ní A, B, D ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, Ọlọ́run ò sì gbà fún wọn.

Nígbà tí wọ́n wọlé fún sáà kẹta ni Ọmọ́yẹlé pe gbogbo òbí jọ. O ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé Ìdí-Àgbọn láti ọdún tó kọjá, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, àbúrò ló jẹ́ sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn aláṣẹ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ti pinnu láti da Ìdí-Àgbọn pọ̀ mọ́ ilé-ìwé Ìrẹ̀pọ̀dùn. Wọ́n ní ọmọ tiwa kò pọ̀ tó, pé kò sí ìdí tí ìjọba yóò fi máa tọ́jú ilé-ìwé méjì tí kò jìnnà síra wọn. Lẹ́yìn ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Ìrẹ̀pọ̀dùn ni gbogbo ọmọ wa yóò máa lọ.

Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, lóòótọ́, wọn ò jìnnà síra wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì ló wà láàárín. Títì tí àgbàlagbà gan-an ń gbàdúrà kó tó sọdá! Tírélà ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ọ̀kadà ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà bọ̀ lápá òsì, bọ́ọ̀sì tó fẹ́ já èrò yóò sì ya bàrà láìfun fèrè. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ jìnnà sí wa. O rántí Táyọ̀, ọmọ ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, bó ṣe ń fi igi rìn títí di òní. Títì yẹn náà ni.

Ariwo sọ nínú ìpàdé. Ìyá kan tó jẹ́ Ìgbò dìde, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín sọ pé, “Ọmọ mi ò ní ìyẹ́ o. Ṣé kó fò ni?” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá yín ló kọ́kọ́ mú ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n dé láti gáréèjì, mo ròyìn fún wọn, wọ́n sì mi orí. “Yẹ́misí,” wọ́n ní, “ta ló ń bá ìjọba jà? Ohun tí wọ́n bá ti sọ, abẹ ti gé e nìyẹn. Jẹ́ ká wá ọlọ́kadà tí yóò máa gbé Àánú.” Mo ní ṣé àwọn ọlọ́kadà tí ń bá tírélà du ọ̀nà yìí náà ni? Wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá. Inú bí mi débi pé mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

A kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, wọn ò fèsì. A yan èèyàn díẹ̀ pé ká lọ rí wọn lójúkojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde sí wa ní a kàn ń da ara wa láàmú ni, pé àwọn ará Ìrẹ̀pọ̀dùn ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti ń retí wa. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ìyókù lọ. O kúkú mọ bí àárín àwa àti wọn ṣe rí látìgbà ìdíje eré sísá, tí wọ́n ní ọmọ tiwa tó gbapò kìíní ti ń fá irùngbọ̀n. Látọjọ́ náà, wọn kì í wá síbi ìkómọ wa, àwa náà kì í lọ sí tiwọn. Mo sọ lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yìí ti rí wa mú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Ọjà Àlàbá, lọ́dọ̀ Àlàájà Mùsítúrà tó jẹ́ alága àwọn òbí Ìrẹ̀pọ̀dùn. Fáànù ló ń tà. Ó rí mi lókèèrè, ó káwọ́ gbera.

“Ìyá Mofẹ́! Ẹ kú ẹsẹ̀ o. Ṣé ọmọ yín onírùngbọ̀n yẹn ló rán yín?”

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Bí ìjà ọdún gbọọrọ ṣe tú ká nìyẹn, Mofẹ́, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fáànù. Ó fa àga fún mi, mo bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ó fò dìde.

“Ta ló fọwọ́ sí i? Ta ni wọ́n bi? Orí bẹ́ǹṣì tó yẹ kí ọmọ méjì jókòó sí, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ilẹ̀ ṣe tábìlì. Àwa ni wọ́n wá sọ fún pé ẹ̀yin ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó yín wá!”

A wo ara wa. Wọ́n ti fi ẹnu tiwa sọ fún wọn, wọ́n sì fi ẹnu tiwọn sọ fún wa. Wọ́n mọ̀ pé a kì í kíra wa, wọ́n sì gbà pé kò sẹ́ni tó máa bi ẹnì kejì.

Ibẹ̀ la ti ṣètò ohun tá a ṣe. Mùsítúrà ní àwọn aláṣẹ ń bọ̀ ní Ìrẹ̀pọ̀dùn wá kéde ìdàpọ̀ náà fún gbogbo ayé. “Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, àbí?” ó ní. “Ẹ máa bọ̀ nígbà náà. Ẹ kó gbogbo ọmọ yín wá lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń pè ní ìdàpọ̀.”

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa kó ọmọ ọlọ́mọ sọdá títì. Bàbá yín ti jáde kí n tó múra tán, mi ò sì rò wọ́n mọ́ ọn. A to àwọn ọmọ nínú yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé wọn, àgbà kan sí ọmọ mẹ́rin, a rìn dé etí títì. Bí mo ṣe ń wo ibi tá a máa gbà, mo rí i tí ọkọ̀ ń dúró. Tírélà dúró. Bọ́ọ̀sì dúró. Mofẹ́, bàbá yín ni mo rí láàárín títì! Àwọn àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn na aṣọ pupa sókè, wọ́n fi ara wọn dí ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Bàbá yín kígbe sí mi, “Yẹ́misí, kó wọn kọjá! Lónìí, kò sí ọkọ̀ tó máa kọjá lára mi.”

Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Àwọn èrò inú ọkọ̀ kọ́kọ́ ń ṣépè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àwọn ọmọ kéékèèké tó di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń fi fóònù yà wá. Àánú ń juwọ́ sí bàbá rẹ̀ bíi pé ọba ló ń kọjá.

Àwọn ará Ìrẹ̀pọ̀dùn ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀. A kó àwọn ọmọ wọ kíláàsì. Kíláàsì kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, wọ́n kún orí pápá. Nígbà tí àwọn aláṣẹ dé, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Fọláyẹmí ló ṣáájú wọn. Obìnrin náà fẹ́ wọ kíláàsì kejì, kò rí ibi tó máa fẹsẹ̀ sí.

“Ta ló kó àwọn ọmọ yìí wá?” ló béèrè.

Mùsítúrà kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ẹ̀yin ni, mà. Ìdàpọ̀ tẹ́ ẹ sọ la ṣe. A ò lè dúró dìgbà tí wọ́n máa wọlé.”

Ìyáàfin Fọláyẹmí ní ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún òun ni pé ìhà méjèèjì ló gbà. Mùsítúrà dìde, ó kọjú sí gbogbo èrò. “Ẹ̀yin ará Ìrẹ̀pọ̀dùn, ta ló gbà nínú yín?” Gbogbo wọn dákẹ́. Èmi náà pariwo, “Ará Ìdí-Àgbọn, ta ló bẹ̀bẹ̀?” Àwa náà dákẹ́. Obìnrin náà wẹ̀yìn, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde sí wa níjọ́sí. Ojú ilẹ̀ ni ìyẹn ń wò.

Ọmọ ènìyàn dáadáa ni ìyáàfin yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí títì náà. Nígbà yẹn, bàbá yín àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ sì ti ń sáré bó ṣe máa ń sáré. Ó di Àánú lọ́wọ́ mú, ó dúró létí títì. Ó gbé ẹsẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Ó tún gbé e, ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ rẹ̀. Àbúrò rẹ bá wò ó lójú, ó ní, “Mà, ẹ má bẹ̀rù. Tí n bá ti ní ká sáré, ẹ ṣáà máa sáré.” Obìnrin náà fà á kúrò létí títì. Ohun tó sọ kò ju pé, “Ó tó. Mo ti rí i.”

Wọn ò tíì lo ìsinmi náà tán tí èsì fi dé. Kò sí ìdàpọ̀ mọ́! Wọ́n fún Ìdí-Àgbọn ní tíṣà tuntun méjì, wọ́n kó bẹ́ǹṣì lọ fún Ìrẹ̀pọ̀dùn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíláàsì kún tiwọn. Ọjọ́ tá a gbọ́ ọ, ńṣe ni mo sá jáde nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Mùsítúrà kó àwọn èèyàn rẹ̀ sọdá wá bá wa, a sì kọrin yí àdúgbò ká, orin ìjọ, orin àsálátù, orin Ìgbò, orin Ègùn, kò sí èyí tá ò kọ.

Nǹkan kan ló dùn wá nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé Ọmọ́yẹlé kúrò, wọ́n ní kó lọ sí ilé-ìwé kan ní ìhà Ọ̀tọ̀-Àwórì. Wọn ò sọ pé torí ọ̀rọ̀ yìí ni, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tá a sìn ín dé ibi ọkọ̀, tí àwa ń sunkún, òun ló ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Ó ní, “Ibi tí mò ń lọ náà, ọmọ wà níbẹ̀.”

Wọ́n wọlé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Mo ń rán aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí kíláàsì kìíní ń ka ìwé lóhùn rara, àwọn kan ń yára ju tíṣà lọ, àwọn kan ń fà sẹ́yìn. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró. Oníbàárà mi ní kí ló ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan, kó dákẹ́ díẹ̀ ká jọ gbọ́.

Ọmọ mi, ilẹ̀ tó o wà yóò gbè ọ́. Ojú tó ń wò ọ́ níbẹ̀ yóò máa fi ojú rere wò ọ́. Bó o ṣe lọ láyọ̀ ni wàá bọ̀ láyọ̀, a ò ní fi ọ́ wá ara wa, lágbára Ọlọ́run. Bàbá rẹ kí ọ, Àánú kí ọ, Àlàájà Mùsítúrà náà ní kí n kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Yẹ́misí Májẹ́kódùnmí.

Mo tún rántí: Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá sí Ìdí-Àgbọn bi mí bóyá mo mọ ọmọ àdúgbò kan tó kàwé, tó lè wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo ní mo mọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó wà lójú iṣẹ́ ìlú. Mi ò ṣèlérí fún un o. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ.