Àjàrà Bàbá Kò Pọ́n Níbí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ ìkórè. Ara mi le, mo tilẹ̀ sanra sí i. Ilé Anselm ọkọ mi gbòòrò, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ béèrè àjàrà Saperavi tí Bàbá fún wa níjọ́ ìgbéyàwó. Ó yè, ó sì ń so. Òtútù Mosel níbí ni kò jẹ́ kó pọ́n bíi ti Kakheti nílé wa. Àjàrà Riesling tiwọn ló mọ oòrùn ibí lò, torí òkúta dúdú ara òkè ń mú ooru dání fún un. Tiwa kàn ń dúdú lójú ni, ó kan lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Anselm ti ṣèlérí pé ọdún tí èso àjàrà Bàbá bá dùn la máa wá kí yín. Lánàá ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín: "Lamara, kò tíì yá o."

Mo ní kó fún mi ní ìwé ìrìnnà mi, kí n dá wá.

"Ta ló máa wá bá mi ká èso?" Ló bá ti kọ́kọ́rọ́ àpótí tí ìwé náà wà bọ àpò. Aláwàdà ni.

Ẹ bá mi kí Tamazi, àbúrò mi. Ẹ ní kó kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá mi. Kò yẹ kí yàrá tó dáa bẹ́ẹ̀ ṣófo.

Ọmọ yín,
Lamara