Baba Tó Lọ Wo Eré Ìje Ìlérí

Ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé ni a bí Olóògbé Jeremiah Ọlọ́runfẹ́mi Akínwándé sí ní ọdún 1954. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn. Rosaline, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà nílé, wọ́n parí ìwé mẹ́wàá ní Iléṣà.

Ní 1986, wọ́n gbé Margaret níyàwó ní Èkó. Ní 1991, wọ́n dé London, wọ́n ń gbé lẹ́bàá òpópónà Yarnton Way, wọ́n sì ń wa bọ́ọ̀sì títí dópin. Nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Thamesmead West, àwọn ni olórí àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sáré létí odò. Òjò kì í dá wọn dúró, ẹ̀bẹ̀ ìyá ọmọ kì í sì í dá wọn dúró.

Eré yìí ló mú kí Ìlérí, àbíkẹ́yìn wọn, rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ní 2013. Níbẹ̀, àwọn yunifásítì a máa kóra jọ di ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní kọ́nfáránsì, láti máa bára wọn díje. Orúkọ agbègbè ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ tí yunifásítì Ìlérí wà. Lójú Baba, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nìyẹn. Ta ló ń kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀? Wọn kò mọ̀ pé yunifásítì náà ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn ní 2014.

Ohun kan ṣoṣo tí Baba ń fẹ́ ni kí wọ́n fojú ara wọn rí Ìlérí lórí pápá. Ní oṣù karùn-ún 2015, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwa kì í pariwo ìrìn àjò kí a tó débẹ̀. Mama Margaret nìkan ló mọ̀, Baba kò sì bi Ìlérí ní nǹkan kan. Ìdíje ẹgbẹ́ àtijọ́ ni wọ́n lọ jókòó wò. Nígbà tí eré parí, wọ́n pe Mama: “Mummy Ìlérí, mi ò rí ọmọ yìí o. Wọ́n ní school wọn ti change conference since last year. Má tíì sọ fún un, jọ̀ọ́.” Lọ́jọ́ náà gan-an, Ìlérí gba ipò kìíní ní ìlú mìíràn. Ó ń dùn wá títí dòní.

Wọ́n padà jẹ́wọ́ fún Ìlérí, àwọn méjèèjì sì jọ fi àdéhùn sí oṣù karùn-ún 2016. Àrùn rọpárọsẹ̀ kò jẹ́. Baba fi wá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yìí.

Wọ́n fi Mama Margaret sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn, Adùnọlá, Fẹ́rànmí àti Ìlérí, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Mojọláolúwa àti Jethro.

Baba wa, Ìlérí yóò sáré ní oṣù tó ń bọ̀. Mama ni yóò jókòó síbi tó yẹ kí ẹ jókòó sí. Ẹ sinmi, ẹ sùn re láyà Olúwa.