Èèkàn Mọ́kànlá Olórí Pupa

Ọjọ́ Ajé, 1 Méè, 1961

Ìwé tuntun. Ti àtijọ́ ti kún. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ sí sùkúùlù ò lè kọ ọ́ tó báyìí. Èmi Jacob nìyí, tó fi orí ru kòkó láti Arámọkọ títí dé Iléṣà kó tó ní kẹ̀kẹ́, kó tó ní ilé onípáànù. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́.

Ìpàdé àdúgbò lánàá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbò kánsù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ará Òkè-Ọ̀dán ní kí n lọ yẹ iṣẹ́ Sànúsí wò, ẹni tó ti ń ṣe kánsílọ̀ wa láti ọdún mẹ́ta, kí n wá jábọ̀ fún wọn ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí mo bá ní kí wọ́n dìbò fún ni wọ́n máa dìbò fún. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n yàn.

Ìṣẹ́gun, 2 Méè

Nínú ìwé yìí, Onífìlà-Kan ni mo máa pe Sànúsí, torí fìlà dúdú kan náà ló ń dé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń bá a du ipò, Ọládipúpọ̀ akọ̀wé onílọ́rì, Ẹnu-Oyin ni tirẹ̀. Ó ti gbé kẹrosíìnì wá fún mi. Mo gbà á. Kẹrosíìnì ò mọ ìbò.

Ọjọ́rú, 3 Méè

Mo rìn káàkiri àdúgbò látàárọ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí: Nọ́ọ̀sì Ọmọlará ní kí Sànúsí tó dé, Ìjerò ni wọ́n ń gbé aboyún lọ. Mo wo òrùlé. Mo fi èjìká ti ògiri. Kò mì. — Dára.

Kànga: omi wà ní òjò, kò sí lẹ́ẹ̀rùn. — Ààbọ̀.

Ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ wa sí Ìlogbò: kò sí nǹkan kan. Igbó ni. Sànúsí fúnra rẹ̀ ló ṣèlérí rẹ̀. Moses ọmọ mi àti Felicia ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní abà, lódìkejì odò. Lọ́dún tó kọjá, odò kún, Felicia ń rọbí, wọn ò lè gbé e kọjá. Etídò ló bímọ sí, nínú òjò. Ọlọ́run ló yọ ìyá, tó yọ ọmọ. Ó tún ti lóyún báyìí. — Òfo. Mo fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 Méè

Onífìlà-Kan wá wo àgbò Iléyá. Ọdọọdún ló ń ra tiwa, torí kò sẹ́ran tó sanra bí tèmi láti ibí dé Ẹ̀fọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan èèkàn tí mo so àgbò mọ́. Ó ní, "Baba, èèkàn yìí lágbára." Mo tún sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ìtàn náà kì í sú mi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìdílé tó ń bá mi fa ilẹ̀ oko kòkó mi wá ri èèkàn mọ́kànlá síbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí wọn, kí n lè mọ̀ pé wọ́n ti gbà á. Èmi nìkan ni mo hú gbogbo rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Láti ọjọ́ náà wọn ò yọjú mọ́. Igi gidi ni. Mo kó wọn wálé, mo fi ń so ẹran: ewúrẹ́ mẹ́wàá, àgbò kan.

Sànúsí rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọwọ́ yín le, Baba." Ilẹ̀ ló ń wò.

Àìkú, 7 Méè

Ẹnu-Oyin dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Baba, ẹ sáà sọ fún wọn pé kò ṣe ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ti tó." Mo ní èmi kì í sọ ohun tí mi ò tíì yẹ̀ wò délẹ̀. Lọ́la, ọ́fíìsì kánsù.

Ọjọ́ Ajé, 8 Méè

Adébùsọ́lá, akọ̀wé ibẹ̀, ní kò sí aráàlú tó wá béèrè fáìlì rí. Mo ní kò tíì rí irú mi ni. Ó gbé àga fún mi. Òyìnbó ló wà nínú fáìlì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń kà á.

Wọ́n fọwọ́ sí ọ̀nà wa lọ́dún kìíní Sànúsí. Awọnlẹ̀ wá. Ó ri èèkàn mọ́kànlá, orí wọn pupa, la inú oko kòkó kan já dé odò. Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti hú gbogbo rẹ̀. Wọn ò mọ ẹni tó hú u. Ó kọ ọ́ pé àdúgbò ò fẹ́ ọ̀nà. Wọ́n bá gbé iṣẹ́ lọ sí apá Èrìò.

Adébùsọ́lá béèrè bóyá kí òun tún un kà.

Mo ní rárá.

Ìṣẹ́gun, 9 Méè

Mi ò lọ sóko.

Ọjọ́rú, 10 Méè

Mo sọ fún Ìyá Moses. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Baba Moses, gbogbo ayé ló ti gbọ́ ìtàn èèkàn yẹn. Kò sẹ́ni tó rò ó débẹ̀." Mo ní èmi náà ò rò ó débẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin kì í kúkú ro ohun tẹ́ ẹ bá ti fi ń yangàn."

Mo lè dákẹ́. Kò sí ọ̀nà — òótọ́ pọ́nńbélé ni. Sànúsí á ṣubú, orúkọ mi á dúró. Akọ̀wé ò mọ̀ pé oko mi ni.

Mo wo ewúrẹ́ títí. Mẹ́wàá, àti àgbò. Orí pupa kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀ kálukú wọn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Méè

Mo lọ bá Sànúsí nílé. Ó ń ká aṣọ títà rẹ̀. Mo ní, "O mọ̀." Ó ní òun mọ̀. Láti ìgbà wo? Láti Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí òun wá ra àgbò tí òun rí orí pupa. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ kí wọ́n máa bú u ní gbogbo ìpàdé? Ó ní, "Baba, ẹ ti sọ ìtàn yẹn níbi ìkómọ. Ẹ sọ ọ́ níbi òkú. Ẹ sọ ọ́ lójú àwọn àna yín. Ibo ni kí n ti dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu?"

Mo bínú. Mo ní ìyàwó ọmọ mi bímọ sí etídò, o sì ń bo àṣírí tèmi. Mo ní kánsílọ̀ tí kò lè sọ òótọ́ fún àgbà, iṣẹ́ rẹ̀ ò pé. Ó gbé aṣọ sílẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Àbámẹ́ta."

Bó ṣe gbà yẹn ló tún bí mi nínú jù.

Àbámẹ́ta, 13 Méè

Mo mú èèkàn kan dání lọ sí ìpàdé. Ẹnu-Oyin wà níwájú, ó wọ aṣọ gidi. Mo ní: ilé ìgbẹ̀bí, dára. Kànga, ààbọ̀. Ọ̀nà — mo gbé èèkàn sókè. "Ẹ mọ èyí. Mo ti sọ ìtàn rẹ̀ fún yín títí ó fi sú yín. Kì í ṣe ilẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ gbà. Ọ̀nà yín ni mo hú."

Ọlọ́runfẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tá a jọ ń ru kòkó, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Jacob, gbogbo mọ́kànlá?" Mo ní gbogbo mọ́kànlá. "Láàárín òwúrọ̀ kan?" Mo ní láàárín òwúrọ̀ kan. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n rín in títí àwọn míì fi ń nu ojú.

Felicia ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde tòun ti oyún, ó gba èèkàn lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó dá a padà. "Ẹ lọ rì í síbi tẹ́ ẹ ti hú u, Baba."

Mo ní ẹ̀bi Sànúsí náà wà níbẹ̀: ó ń wojú àgbà kan, ó gbàgbé obìnrin tó ń gba odò kọjá. Ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ dá a padà. Ẹnu-Oyin ní ẹni tó hú èèkàn ò lẹ́nu láti yan ẹni tí àwọn máa dìbò fún. Mo ní òótọ́ ló sọ. Kí kálukú lọ fi orí ara rẹ̀ rò ó. Mo jókòó.

Ta ló tún lè ṣe irú rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dán? Kò sí.

Àìkú, 21 Méè

Sànúsí wọlé. Ìbò mẹ́tàlélógójì ló fi ju Ẹnu-Oyin lọ.

Ọjọ́bọ̀, 25 Méè

Iléyá. Sànúsí gbé itan àgbò wá fúnra rẹ̀. Ó dá èèkàn tó bá àgbò lọ padà pẹ̀lú. Fìlà tuntun ló dé. Kò bá a mu.

Ẹtì, 9 Júùnù

Awọnlẹ̀ dé. Sànúsí ló mú un wá. Ó ní òun máa lo ọjọ́ mẹ́ta kí òun tó rí ojú ìlà àtijọ́. Mo ní kó tẹ̀lé mi. Kò sí ihò tí mi ò mọ̀: èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, èyí tó dá egbò sí mi lẹ́sẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pẹ. Kó tó di ọ̀sán, mo ti ri gbogbo èèkàn padà síbẹ̀. Ó fi irin rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mẹ́jọ bọ́ sójú ìlà gan-an, mẹ́ta ló yẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun ò rí irú èyí rí. Ibo ni ó ti fẹ́ rí i?

Igi kòkó mi mẹ́rìndínlógún ló bọ́ sójú ọ̀nà. Ọwọ́ mi ni mo fi gbìn wọ́n. Mo gé àkọ́kọ́ fúnra mi. Ó dùn mí. Mo gé èkejì.

Felicia gbé iṣu wá fún wa. Ó ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ni ọmọ máa dé. Sànúsí ní ọ̀nà ò ní tíì parí nígbà yẹn. Mo bojú wò ó. Ó ní, "Òótọ́ ni mò ń sọ, Baba. Ṣùgbọ́n afárá á ti wà lórí odò. Èmi àti ẹ̀yin la máa jọ ru igi rẹ̀." Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Mo délé. Ewúrẹ́ mẹ́wàá ti wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Moses ń pè mí láti ẹ̀yìn ilé pé kí n wá so wọ́n. Mo ní kí ni kí n so wọ́n mọ́?

Mo gbé àga síta. Mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ.