Ojú Tí Kò Burú Sí I

Agboolé Ọdẹ́bọ̀dé,
Àgọ́-Àrẹ.
Ọjọ́ Ẹtì.

Dúróríkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Ìlọrin. Àwa náà wà dáadáa. Òjò ń rọ̀ bó ṣe yẹ, iṣu tuntun sì ti wọlé.

Lánàá ni èmi àti ìyá rẹ lọ sí Ṣakí fún àyẹ̀wò ojú mi. O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá tí wọ́n ti ní ìfúnpá inú ojú mi ga ni mo ti ń kán oògùn sí i láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Wọ́n ti sọ fún mi nígbà náà pé ìríran tó ti lọ kò ní padà mọ́. Àyẹ̀wò àná ni yóò fi hàn bóyá èyí tó kù ṣì ń lọ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ebi ò pa mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Nọ́ọ̀sì kan, Florence, ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan. Ó bò mí lójú kan, ó fi bọ́tìnnì sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí n tẹjú mọ́ iná àárín, kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá rí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí n má wò ó. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdẹ? Bí nǹkan bá ti tàn nínú òkùnkùn, ojú mi á ti débẹ̀ kí n tó mọ̀. Àyẹ̀wò náà bàjẹ́. A tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ìgbà yẹn ló wá béèrè iṣẹ́ mi. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣe bí ẹni pé àgbọ̀nrín ló dúró síbi iná àárín yẹn tó ń wò mí, pé bí mo bá yí ojú báyìí, yóò sá. Ọmọ mi, mi ò mira.

A wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń retí èsì. Bàbá mi ni mo ń rò. Ìwọ ò bá a láyé. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń lọ, àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀san ẹran tó pa nígbó ni. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ta ìbọn rẹ̀, ó rúbọ títí, síbẹ̀ afọ́jú ló kú.

Dókítà, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, gbé èsì ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ó ní, “Baba, kò burú sí i. Oògùn yín ń ṣiṣẹ́.” Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Dókítà ní kí n má gun ọ̀kadà mọ́, kí n má sì ṣọdẹ òru mọ́. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ẹnì kan ti fọ́jú rí nínú ẹbí wa. Mo sọ ti bàbá mi fún un, mo sì sọ ohun tí ayé wí. Ó ní, “Bàbá yín ò ṣẹ̀ sí nǹkan kan. Àìsàn yìí ló ṣe wọ́n. Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló máa ń wà.”

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ. Lọ yẹ ojú rẹ wò, kí o sì mú àwọn ọmọ dání. Kì í dunni. Má sọ pé o ń ríran dáadáa. Bí èmi náà ti ń sọ nìyẹn, tí mo sì ń fi èjìká gbá òpó ilé.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ẹ máa fi ojú yín rí ire. Kí Ògún máa ṣáájú yín lójú ọ̀nà. Ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ọdẹ́bọ̀dé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: nígbà tí a délé, mo lọ sí ojú oórì bàbá mi, mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ìyá rẹ ní kí n sọ ọ́ sókè, kí àwọn ará àdúgbò lè gbọ́. Mo sọ ọ́ sókè.